Sí Ẹni Tí Ń Bọ̀ Lẹ́yìn Mi

Ìwọ tí iná ọkọ̀ rẹ ti wà lẹ́yìn mi láti Tákíè,
mi ò mọ orúkọ rẹ.
Alùbọ́sà ni mo kó, igba àpò ó lé,
mo ga ju ilé bàbá mi lọ.
Tapólì àti pákó nìkan lo rí níwájú rẹ,
àti ibi tí wọ́n kọ RỌRA sí,
tí ẹrẹ̀ bo ìdajì rẹ̀, tó wá ku RỌ.
Èmi ni mo rí ọ̀nà. Ìwọ lò ń kánjú.
Ohun tó wà láàárín wa nìyẹn.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, Tàfá Ajílẹ́yẹ,
kì í sọ̀rọ̀ nídìí sítíárìn.
Ó ní iná lẹnu wa,
ẹnu tó bá sì ń wí tinú ẹlòmíì, ẹ̀tẹ́ ló ń wá.
Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mí nígbà náà,
àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀ lára pákó:
ẹ̀ẹ̀kan, dúró;
ẹ̀ẹ̀mejì, máa lọ;
bí mo bá lù ú léraléra, ọmọdé wà lẹ́yìn.

Lálẹ́ tí ọkọ̀ dákú mọ́ wa lọ́wọ́ nítòsí Odò Ọbà,
síkọ́ṣọ̀n wa ti fọ́ ní Jẹ́bbà.
Tàfá ti àdá bọ̀ mí lọ́wọ́.
Mo gé ẹ̀ka kajú, mo tò ó sójú títì,
ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀, kì í ṣe ogún.
Ẹ̀ka tútù lójú títì kì í ṣe pàǹtí, àrokò ni:
ẹnìkan ń bẹ níwájú tí kò lè yà fún ọ.
Nígbà tí ọkọ̀ jí láàárọ̀, a kó gbogbo rẹ̀ kúrò.
Ó kà á. Mọ́kàndínlógún.
Ó rán mi padà lọ mú ẹyọ kan tó kù.
Ó ní irọ́ ni ewé tó bá ṣẹ́kù sójú ọ̀nà,
ẹni tí irọ́ bá sì ti dá dúró lẹ́ẹ̀mejì
kò ní dúró fún òótọ́.

O tún ti tan iná gíga sínú dígí mi.
Mo gbọ́. O fẹ́ kọjá.
Mo mọ ohun tí ò ń retí:
kí n ṣẹ́ iná ọ̀tún, pé ọ̀nà ṣí, máa bọ̀.
Èmi náà ń ṣe é tẹ́lẹ̀.
Nígbà tí ọyẹ́ kan ń parí lọ,
mo ṣẹ́ ẹ fún Kámúrì funfun kan.
Mo wò ó, ọ̀nà ṣófo títí dé orí òkè.
Ọ̀kadà kan ń bọ̀ tí kò tan iná,
ó di àpò kajú sẹ́yìn.
Ọlọ́run ló yọ wọ́n, kò ju apá kan lọ.
Kajú dànù. Ọlọ́kadà jókòó sínú koríko,
ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń sunkún.
Oní-Kámúrì ò dúró.
Kò sẹ́ni tó bú mi.
Èyí ló dùn mí jù.

Nítorí náà, má bínú sí mi lálẹ́ yìí.
Iná òsì ni mò ń ṣẹ́. Má tíì wá.
Màá máa sọ ibi tí èmi ń lọ fún ọ,
mi ò ní sọ ibi tí ìwọ ó gbà.
Bí mo bá fẹ́ dúró, màá fọwọ́ kan bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta
kí n tó tẹ̀ ẹ́ tọkàntọkàn.
Sún sẹ́yìn díẹ̀ sí i.
Bí o ò bá rí dígí mi, èmi náà ò rí ọ,
a kì í sì í bá ẹni tí a ò rí ṣàdéhùn.

Níbi tí ẹ̀gbẹ́ títì ti fẹ̀, mo yà sápá kan
kí o lè fi ojú ara rẹ wo ọ̀nà.
O wò ó. O tún un wò. O kọjá,
họ́ọ̀nù kúkúrú méjì.

Mi ò tíì rí ojú rẹ.
Mo pa iná gíga mi wálẹ̀ kó má baà gún ọ lójú,
ó dàbọ̀ tí mo ní nìyẹn,
títí iná pupa rẹ fi wọ àárín iná Ọ̀yọ́,
tí mi ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ mọ́.